Iná Pupa Tí Kò Tàn

Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ ní Injiníà Àgbàlá. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun gbà á bí oyè. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni nílé ìwé gíga kan. Òkè, odò àti òjò ni wọ́n ń sanwó fún un láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti di àárọ̀ Sátidé, inú àgbàlá lẹ ó ti bá a, bọ́nẹ́ẹ̀tì á ti ṣí sílẹ̀, orí rẹ̀ á ti wọnú ẹ́ńjìnnì, ìdí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí kí.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ díẹ̀. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò dáhùn láàárọ̀, kì í sáré pe ẹnikẹ́ni. Á kọ́kọ́ tan iná iwájú. Bí iná bá ṣe bàìbàì, bátìrì ni. Á yẹ orí bátìrì náà wò, á rí ìpẹ́ funfun tó bo irin rẹ̀, á da omi gbígbóná sí i, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha á, á sì so wáyà rẹ̀ padà kó le dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, á tú púlọ́ọ̀gì, á wá èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá gbọ́ ariwo tí kò yé e, á fi ẹnu sìkírùdíráfà gígùn kan ara irin, á gbé ìdí rẹ̀ sétí, á sì dijú bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Gbogbo ìyẹn dáa. Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé kò sí ọjọ́ kan tí Injiníà la ẹnu rẹ̀ pé, “Èyí ju agbára mi lọ.”

Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi mọ́tò náà ṣiṣẹ́ jù. Kọ́tìnì ló ń rán. Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ a sì máa kún ilẹ̀ débi pé àlejò ní láti wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó rí ibi jókòó. Òun ló ń lọ wọn fèrèsé oníbàárà, òun ló ń rán an, òun náà ló ń gbé e lọ tó ń fi í kọ́. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, ó sì kọ́ ọ bí olùkọ́ ti í kọ́ni, pẹ̀lú àlàyé tí kì í tán.

“Ojú ọ̀nà ni kó o máa wò,” Injiníà á ní, “ṣùgbọ́n má gbàgbé àwọn iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù yìí. Mọ́tò kì í kú láìsọ fún ẹni tó ń wà á. Bí nǹkan bá bàjẹ́, iná á tàn. Bí iná pupa bá tàn, dúró. Bí kò bá tàn, máa lọ.”

Obìnrin náà sì gbà á gbọ́. Ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ débi pé bí ọkùnrin náà bá wà nínú yàrá tó ní òjò ń bọ̀, á kó aṣọ orí okùn wọlé láìwo ojú ọ̀run.

Òun náà ló mú ìròyìn iná wá. “Ọkọ mi, iná kan ń ṣẹ́jú sí mi o. Bí mo bá ń sáré, kì í sí níbẹ̀. Bí mo bá dúró, á yọ. Ó jọ kẹ́tùlù kékeré.”

Iná ọ́ìlì ni. Injiníà fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì pé. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Iná ń tàn. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀. Iná ń tàn. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó: kí wọ́n tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yẹ pọ́ǹpù tó ń fa ọ́ìlì sókè wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti dí i lẹ́nu. Iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe nínú àgbàlá pẹ̀lú jáàkì kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì tó wà ní ìparí òpópónà ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn ni Injiníà ti sọ fún mẹkáníìkì yìí lọ́dún tó kọjá pé ẹni tí kò bá lè kàwé ló ń gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu tó ti jù báyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀?

Ní Sátidé kejì, ó tún dorí kodò sínú ẹ́ńjìnnì. Aládùúgbò kan na ọrùn láti orí ògiri. “Injiníà! Aláìsàn yìí ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀?” Ìyàwó rẹ̀ náà jáde wá, ó gbé tíì dání, ó ń fi ojú ìrètí wò ó. Níbi tí wọ́n ti dúró tì í lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọwọ́ Injiníà lọ síbi wáyà tó ń gbé iná náà lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì fà á yọ. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó fi téèpù dúdú wé ẹnu wáyà náà, ó tì í sẹ́yìn ibi tí ojú ò tó.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó síbi ìtọ́kọ̀, ó tan mọ́tò. “Ó ti lọ! Ẹ ti tún un ṣe! Mo mọ̀ pé ẹ máa tún un ṣe!” Ó pàtẹ́wọ́.

Injiníà ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gba tíì, ó mu ún. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tiẹ̀ tún ju ìyẹn lọ: ó da aṣọ bo ẹ̀tẹ̀, ó ní ara ti dá. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, òun á wá ọgbọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìgboro, níbi tí wọn ò ti mọ òun. Sátidé yẹn dé, òjò rọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìwé ìdánwò wà nílẹ̀ tó fẹ́ máàkì. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò sí ohun kankan tó dí i lọ́wọ́. Ó kàn fọ mọ́tò náà ni, ó sì ń súfèé.

Màmá ìyàwó rẹ̀ ń dúró de iṣẹ́ abẹ ojú nígbà náà. Awọ funfun ti bo ojú òsì rẹ̀, ti ọ̀tún náà sì ti ń ṣe kùrukùru. Oṣù méje ni wọ́n ti fi dúró, nítorí dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ náà kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, ìlú tó sì ń wá tó ìrìn wákàtí méjì. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó gbé màmá rẹ̀ sí iwájú, ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Injiníà dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀rọ̀ náà wá sí i lẹ́nu. Ó tiẹ̀ la ẹnu. Ó wá rò ó pé bí òun bá ní kí wọ́n má gbé mọ́tò náà lọ, òun ní láti sọ ìdí rẹ̀, màmá á sì gbọ́. Ó ṣe tán, mọ́tò ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rìn láìṣe nǹkan kan. “Ẹ rọra o,” ló sọ.

Kó tó di aago mẹ́wàá, fóònù rẹ̀ dún nínú kíláàsì: ìyàwó rẹ̀ ni, mọ́tò ti kú sí wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi máa gba takisí débẹ̀, oòrùn ti mú. Màmá jókòó sórí òkúta létí ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìyàwó rẹ̀ sáré pàdé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

“Mo gbọ́ ariwo kan, kò, kò, kò, bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Mo ní kí n dúró. Mo wá wo iná, mi ò rí iná. Mo rántí ohun tí ẹ sọ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ iná á tàn, mo bá ń lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gan, kò yí mọ́.”

Injiníà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì ò dé òkè mọ́, irin ń ha irin láìsí ohun tó mú un yọ̀, títí ẹ́ńjìnnì fi kú. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Nínú ẹ̀rù yẹn ni ẹnu rẹ̀ ti sọ ohun tí kò lè kó padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

“Ṣé ó dá ọ lójú pé o wo iná?”

“Mo wò ó.”

“Ṣé o wò ó dáadáa?”

“Mo... mo rò pé mo wò ó dáadáa.” Ó yíjú sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tún yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Àbí ó tàn, mi ò rí i?”

Àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọkùnrin tó bá jẹ́ ọkùnrin. Injiníà wo ilẹ̀. “Iná kì í ṣàìtàn,” ó ní, ó sì lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò.

Wọn ò bá dókítà. Wọ́n fún màmá ní ọjọ́ mìíràn, oṣù márùn-ún síwájú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá iwájú, láàárín aṣọ àwọn oníbàárà, ìyàwó Injiníà kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi. Ẹ kọ́ mi, mi ò gbọ́. Mo ba mọ́tò yín jẹ́, mo tún fi ojú ìyá mi ṣòfò.”

Ó gbé e dìde. Ó ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Mo ti dárí jì ọ́.” Ẹ gbọ́ mi sétí o: Injiníà dárí jì í! Màmá tó wà lórí àga gbọ́ ọ, ó sì sunkún. Ó ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ irú ọkọ báyìí fún ọmọ òun, pé ẹlòmíràn ì bá ti nà án.

Ó kù díẹ̀ kí àṣírí tú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òun ló wọ́ mọ́tò náà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tó fa wáyà tí wọ́n fi téèpù wé jáde. Ó wo wáyà, ó wo Injiníà. Kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní bi yín pé ta ló yọ eléyìí. Ṣé màdáámú mọ̀?”

“Màá sọ fún un.”

“Ẹ tètè sọ ọ́ o. Nǹkan yìí ò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ilé.”

Ó pẹ́ nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ẹ̀kejì kọjá. Ohun tí Injiníà ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ò ní dúró lórí mọ́tò. Ó rò pé ìyàwó òun á sunkún díẹ̀, á sì gbàgbé, bí èèyàn ti ń gbàgbé abọ́ tó fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sọ fún pé iná pupa tàn níwájú rẹ̀ tí kò rí i, kí ni kó máa rò? Ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, tí á máa fi èkejì ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó lọ rí dókítà ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ojú rẹ̀ mọ́ gaara, pé kò nílò awò rárá. Ó délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó sì mi orí.

“Dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń wá, ó ń lọ. Bí ti màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Ó ní òun ò wa mọ́tò mọ́ láé, kódà bí wọ́n bá gbé tuntun wá. Bọ́ọ̀sì ló fi ń kó kọ́tìnì lọ, á dì í lẹ́rù, àwọn èrò á máa kùn. Aṣọ kan wà tó tú ojú rírán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ó wọ́. Injiníà gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀ wò; ojú rírán náà tọ́ bí ìlà inú ìwé. Ó sọ ọ́ fún un. “Ẹ ń tù mí nínú ni,” ìyàwó rẹ̀ fèsì, ó sì tún tú u.

Bí Injiníà bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, á dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì, á máa wo pátákó. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

“Ìyàwó mi, mo kàn ń rò ó ni. Bóyá gílóòbù iná yẹn ló ti jó, tí kò fi tàn. Bóyá o wò ó lóòótọ́.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ ara yín tún un ṣe? Iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe kì í bàjẹ́ báyẹn. Ẹ má wá àwáwí fún mi mọ́, ọkọ mi. Ẹ ti ṣe tó.”

Injiníà wọ balùwẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí korobá tó dojú dé. Ìyá ìyà ni kí èèyàn máa gba ẹni gbọ́ ní ojú ẹni, kí ó sì jẹ́ pé irọ́ ẹni ló gbà gbọ́. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìyàwó rẹ̀ ti ibi tó ti ń ká aṣọ pọ̀ sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ohun tó fẹ́ sè. “Mo ti rí ẹni tó máa ra máṣíìnì. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó sàn kí n tà á nísinsìnyí tí mo ṣì lè fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án, ju kí n dúró títí màá fi máa rán ìka ara mi mọ́ aṣọ.”

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń jókòó sídìí máṣíìnì yẹn. Injiníà ní, “Má tà á.” Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀, ó ń sọ “kò sí nǹkan.”

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde, ó bá ọmọbìnrin tó fẹ́ ra máṣíìnì náà nínú yàrá iwájú, aránṣọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń fi iṣẹ́ hàn án. Ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ irin sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi tó yẹ kó lọ. Ó dijú pinpin bó ti ń ṣe é.

“Antí, kí ló dé tí ẹ dijú?” ọmọbìnrin náà bi í.

“Mo ń kọ́ ọwọ́ mi ni,” obìnrin náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó yẹ kí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ kó tó pẹ́ jù.”

Omijé lé ròrò sójú Injiníà. Ó gbé ọwọ́ lé orí máṣíìnì náà.

“Kò ní gbé e lọ. Ìyàwó mi, ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan. Iná yẹn ò tàn. Kò sí bí ì bá ṣe tàn. Mi ò tún un ṣe. Mo yọ wáyà rẹ̀ ni.”

Obìnrin náà la ojú. “Ìgbà wo?”

“Sátidé tí o gbé tíì wá fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó di pé ẹ rìnrìn àjò.”

“Ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ bi mí létí ọ̀nà pé ṣé mo wo iná?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níbí?”

“Mo mọ̀.”

Ọmọbìnrin náà mú báàgì rẹ̀, ó yọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó rí i.

“Nígbà tí mo kúnlẹ̀,” ìyàwó rẹ̀ ní, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá, “kí ni ẹ ń rò?”

Bí ẹ bá mọ Injiníà bí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó mọ̀ pé èsì tó dùn ún gbọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó lè sọ pé àánú rẹ̀ ṣe òun. Ó lè sọ pé ó dun òun dé egungun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé wọn mì.

“Ọkàn mi balẹ̀,” ó ní. “Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ ti tán.”

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí máṣíìnì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì, rọra, bí ẹni fẹ́ bẹ ọmọ tó nà láìṣẹ̀.

“Ojú mi méjèèjì sọ òótọ́ fún mi,” ó ní. “Mo pè wọ́n lópùrọ́ nítorí yín.” Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ sí fóònù tó wà lórí tábìlì, ó tì í sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. “Ẹ pe màmá.”

Ó pè é. Ó ṣe é kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ohùn màmá dé kí ó tó kí i.

“Ọkọ mi àtàtà! Ẹ kú sùúrù o. Ojú ìyàwó yín ńkọ́? Mi ò dákẹ́ àdúrà o, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má jogún tèmi. Ẹ bá mi máa fara dà á fún un.”

Injiníà wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ò gbà á sílẹ̀. Ó ń wò ó, ojú rẹ̀ ò sì ṣẹ́.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ má kí mi ní sùúrù mọ́,” ó ní. “Ojú ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ba mọ́tò jẹ́, èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà, èmi náà ni mo sì gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”